Ẹ̀yìn Mọ́tò Asáré Tí Ẹ Ń Gbé Jáde Lójoojúmọ́: Ṣọ́ọ̀kù, Sípíríǹgì, Stabilizer àbí Búṣì?

Ẹni tó ń gbé mọ́tò asáré lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ń bẹ ẹ̀yìn mọ́tò náà ní ẹ̀bẹ̀ méjì tí kò bára mu. Láàárọ̀, ó fẹ́ kó rọra gba kòtò kọjá kí ọmọ tó sùn sí ìjókòó ẹ̀yìn má baà jí. Nírọ̀lẹ́, tí ọ̀nà bá dá, ó fẹ́ kí ẹ̀yìn kan náà lẹ̀ mọ́lẹ̀ ní kọ́nà bí ìgbín. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò á ní méjèèjì wà nínú páálí kan. Mo ti ra páálí yẹn rí. Ọmọ jí, mọ́tò náà ò sì lẹ̀.

Nǹkan mẹ́rin ló wà níwájú ẹni tó fẹ́ tún ẹ̀yìn ṣe: ṣọ́ọ̀kù, sípíríǹgì, ọ̀pá stabilizer (irin tó so ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mọ́ ti òsì kí mọ́tò má baà tẹ̀ jù ní kọ́nà), àti búṣì (rọ́bà tó wà níbi tí irin ti so mọ́ irin) pẹ̀lú àwọn ámù tó gbé e, ìyẹn ọwọ́ irin tó di táyà mú. Mo máa fi wọ́n wé ara wọn, mo sì máa sọ èyí tí mo fara mọ́, torí ìfiwéra tí kò dá ẹnì kankan láre kò wúlò fún ẹni tó mú owó lọ́wọ́. Ibi tí mo dúró sí rèé: mọ́tò ojoojúmọ́ kò nílò ẹ̀yìn líle, ẹ̀yìn tó gbọ́ràn ló nílò.

Ohun tó wà lábẹ́ mọ́tò yín

Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ owó. Àwọn mọ́tò kan ní irin gbọọrọ kan tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú Ford Mustang ṣe rí títí dé ti 2014, kí ti 2015 tó dé pẹ̀lú ẹ̀yìn tí táyà kọ̀ọ̀kan ti ń dá mì. Àwọn mìíràn ní torsion beam, irin kan tó lè lọ́ díẹ̀ láàárín táyà méjèèjì. Àwọn yòókù ní multi-link: ámù mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má fojú di torsion beam o. Renault Mégane RS Trophy-R tó yára ju gbogbo mọ́tò tí táyà iwájú ń fà lọ ní Nürburgring, pápá ìdíje kan ní Germany, lọ́dún 2019, torsion beam ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Honda ní tiẹ̀ yọ torsion beam kúrò lára Civic Type R, ó fi multi-link rọ́pò rẹ̀ ní 2017. Àwọn méjèèjì ń dù ipò kan náà. Ohun tó kàn yín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé torsion beam kò ní ámù toe tàbí ámù camber tí ẹnikẹ́ni lè tà fún yín (toe ni bí táyà ṣe yíjú sínú tàbí síta, camber ni bí orí rẹ̀ ṣe tẹ̀ sínú tàbí síta). Ṣọ́ọ̀kù, sípíríǹgì, búṣì ńlá méjì tó di beam náà mú, àti ọ̀pá àfikún, òun náà nìyẹn. Èmi ò rí i bí àbùkù. Ohun tí kò sí, èèyàn ò lè fowó ṣòfò lé e lórí.

Ohun kejì tí ẹ máa wò lábẹ́ níbẹ̀ ni bóyá ẹ̀yìn mọ́tò yín rọ̀ ni, àbí ó ti kú. Ẹ wo ara ṣọ́ọ̀kù bóyá òróró ti ń sun jáde tí eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà ẹ̀yìn yípo. Tó bá ń ga tó ń lọ sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín bí ebè, a jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kù ti ń jẹ́ kí táyà máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ilẹ̀. Ẹ ti irin gígùn bọ ẹ̀gbẹ́ búṣì kẹ́ ẹ rọra gbé e. Rọ́bà tó ti ya á lanu sí yín bí ẹja. Àṣà ká máa fọwọ́ tẹ bọ́ọ̀tù ká wo iye ìgbà tó máa jó kò tó: ṣọ́ọ̀kù tó ti kú pátápátá nìkan nìyẹn ń mú, èyí tó kú ìdajì á yege.

Tí mọ́tò bá ti rin 120,000 kìlómítà lórí ṣọ́ọ̀kù àti búṣì tó bá a wá, olówó rẹ̀ kò mọ bí mọ́tò náà ṣe ń rìn mọ́. Ó ti gbàgbé. Tuntun irú èyí tó bá a wá gan-an lè tó irú ẹni bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé ó fi ohunkóhun líle kún un. Táyà náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ẹ̀yìn tó dára lórí táyà tó ti gan, ibi kan náà lẹ máa yọ̀ sí.

Sípíríǹgì tàbí ṣọ́ọ̀kù?

Ojú kan náà làwọn méjèèjì máa ń wà, ìyẹn ló ń jẹ́ ká ṣi iṣẹ́ ọ̀kan gbé fún èkejì. Sípíríǹgì ló gbé mọ́tò. Ṣọ́ọ̀kù ló ń dá sípíríǹgì lẹ́kun ijó. Tí mọ́tò bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní kọ́nà, bó ṣe máa tẹ̀ tó wà lọ́wọ́ sípíríǹgì àti stabilizer. Bó ṣe máa yára tẹ̀ tó, àti bóyá ó máa dúró lẹ́ẹ̀kan tàbí kó kọ́kọ́ jó lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn wà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀kù. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní "ẹ̀yìn mọ́tò mi ti rọ̀ jù", ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kù ni, àmọ́ sípíríǹgì ni wọ́n máa ń lọ rà.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó. Ká ní kìlógíráàmù 300 ló jókòó lórí sípíríǹgì ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn, tí líle rẹ̀ lójú táyà sì jẹ́ 30 N/mm, ìyẹn iye agbára tó ń fún un ní mílímítà kan. Igun mọ́tò yẹn máa fẹ́ jó ní nǹkan bí ìgbà 1.6 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mọ́tò ìgbádùn sábà máa ń wà láàárín 1 sí 1.5, mọ́tò asáré tó ṣeé gbé jáde lójoojúmọ́ sì máa ń wà láàárín 1.5 sí 2. Tẹ́ ẹ bá sọ 30 yẹn di 50, ó di nǹkan bíi 2.05. Ẹ ti ń kan ilẹ̀kùn mọ́tò ìdíje nìyẹn, egungun ẹ̀yìn yín ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ẹ̀yìn mọ́tò sábà ń jó yára ju iwájú lọ. Àtọwọ́dá ni. Maurice Olley, tó ṣiṣẹ́ ní General Motors láwọn ọdún 1930, ló sọ ìdí rẹ̀ di mímọ̀: táyà iwájú ló ń kọ́kọ́ gun búḿpù, ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e. Tí ẹ̀yìn bá ń jó yára díẹ̀, á lé iwájú bá, mọ́tò á sì gbé ara rẹ̀ sókè-sílẹ̀ pọ̀ dípò kó máa tẹríba bí ẹni tó ń tòògbé. Ẹni tó bá wá fi sípíríǹgì líle síwájú nìkan, tó fi ẹ̀yìn sílẹ̀, ti da ìṣirò yẹn rú.

Nọ́ńbà ara páálí tún ní ìtànjẹ tiẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ multi-link, sípíríǹgì kì í wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà, àárín ámù ló ń jókòó sí. Tí táyà bá gòkè ní 10 mm, sípíríǹgì lè má fún ju 6 mm lọ. Ìyẹn jẹ́ 0.6, a ó sì fi 0.6 lu ara rẹ̀ kó tó dé ara táyà: 0.36. Nítorí náà sípíríǹgì tí wọ́n kọ 100 N/mm sí lára, 36 ló ń jẹ́ lójú táyà. Àwọn tó ń fi nọ́ńbà iwájú bá ti ẹ̀yìn jà, tàbí tí wọ́n ń fi ti mọ́tò ọ̀rẹ́ wọn wé tiwọn, ọ̀tọ̀ lohun tí kálukú wọn ń wọ̀n.

Sípíríǹgì kúkúrú lórí ṣọ́ọ̀kù àtijọ́ ni mo fẹ́ bá wí jù, torí ó ti bá èmi náà wí. Mo fi sípíríǹgì rẹ mọ́tò mi sílẹ̀ ní 30 mm, mo fi ṣọ́ọ̀kù tó bá a wá sílẹ̀ síbẹ̀. Ó rẹwà. Lọ́jọ́ kan, a jẹ́ mẹ́rin nínú rẹ̀, mo wọ kọ́nà kan tí mo mọ̀ bí ẹni mowó. Ojú títì wú díẹ̀ láàárín kọ́nà yẹn, mo sì ti ń gùn ún láti ọdún mẹ́ta láìfura. Mo gbọ́ "gbì!" kan lábẹ́ bọ́ọ̀tù, ẹ̀yìn sì yọ sí ìta bí ẹsẹ̀ tó tẹ ọṣẹ. Orí ló yọ wá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kù, rọ́bà kan wà níbẹ̀ tó ń gba ìkọlù nígbà tí ààyè bá tán. Èmi ti fi 30 mm nínú ààyè yẹn ra ẹwà, èrò mẹ́rin ti jẹ èyí tó kù. Nígbà tí rọ́bà náà kan irin, líle ẹ̀yìn di ìlọ́po láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, táyà òde kò sì rí ìwọ̀n yẹn gbé. Tẹ́ ẹ bá máa rẹ mọ́tò sílẹ̀ dandan, ẹ ra ṣọ́ọ̀kù tí wọ́n gé kúrú fún irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì má kọjá 15 sí 20 mm lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni owó yín ká, ẹ fi sípíríǹgì àtijọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ ra ṣọ́ọ̀kù gidi.

Irú wo ní ṣọ́ọ̀kù gidi? Twin-tube ní ìkòkò méjì nínú ara wọn, ó rọra gba kòtò, kì í wọ́n jù. Monotube ní ìkòkò kan tí gáàsì tó lágbára ń ti òróró inú rẹ̀, ó ń tutù dáadáa, òróró rẹ̀ kì í yára hó di fóòmù. Lórí òkè gígùn tó kún fún kọ́nà, ìyàtọ̀ náà hàn. Láàárín ìlú, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Bí wọ́n ṣe to fáàfù inú rẹ̀ ṣe pàtàkì ju orúkọ méjèèjì lọ.

Coilover àbí ṣọ́ọ̀kù àti sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún ara wọn?

Coilover, ìyẹn ṣọ́ọ̀kù tó gbé sípíríǹgì sára pẹ̀lú téèdì, ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbé mọ́tò sókè tàbí kẹ́ ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fúnra yín, ọ̀pọ̀ sì ní kọ́kọ́rọ́ tí ẹ lè yí láti mú ṣọ́ọ̀kù le tàbí kó dẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni: ìgbà mélòó lẹ máa yí i? Ẹni tó ń lọ pápá ìdíje lẹ́ẹ̀kan lóṣù á yí i. Ẹni tó ń lọ ibi iṣẹ́ á yí i lọ́jọ́ tó rà á, á fi han ọ̀rẹ́ méjì, ó parí. Lẹ́yìn òjò àti ẹrẹ̀ ọdún méjì, téèdì ara rẹ̀ tí wọn ò fi gíríìsì pa á ti gan mọ́ ojú kan. Coilover tí kò dára burú ju ṣọ́ọ̀kù tó bá mọ́tò wá lọ, torí pé owó kan náà ni wọ́n pín sára ẹwà, kọ́kọ́rọ́ àti fáàfù, fáàfù ló sì gba èyí tó kéré jù.

Ewu kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í fi síwájú. Lára mọ́tò tí sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ wà lọ́tọ̀ sí ṣọ́ọ̀kù, àwọn kan máa ń ta coilover tó kó méjèèjì pọ̀ sójú ṣọ́ọ̀kù. Nígbà yẹn, ihò bóòtù orí ṣọ́ọ̀kù tí wọ́n ṣe láti kàn máa dá ijó dúró ló wá di ẹni tó ń ru mọ́tò. Lára páànù tí wọn ò fi irin gbà láàyè, ibẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Fún mọ́tò ojoojúmọ́, mi ò ní ṣe é. Ẹ fi sípíríǹgì sí àyè rẹ̀, ṣọ́ọ̀kù sí àyè rẹ̀.

Bí mọ́tò yín bá ní ṣọ́ọ̀kù oníná tí kọ̀ǹpútà ń darí, ẹ rora. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, iná ìkìlọ̀ á tàn, ẹ ó sì tún ra ẹ̀rọ kékeré tó máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dára tó. Sípíríǹgì tí wọ́n wọ̀n fún un, tí kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ púpọ̀, ni mo máa fi mọ.

Ọ̀pá stabilizer

Èyí ni ọjà tó kéré tó ń ṣiṣẹ́ àgbà, àmọ́ kì í ṣe fún gbogbo mọ́tò.

Ẹni tó bá wò ó lọ́wọ́ á ní ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju 3 mm lọ: ti mọ́tò jẹ́ 19 mm, tuntun jẹ́ 22. Ṣùgbọ́n líle ọ̀pá tí inú rẹ̀ kò ṣófo ń tẹ̀ lé fífẹ̀ rẹ̀ tá a fi lu ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́rin. Ẹ ṣe é lórí fóònù yín: 22 pín sí 19, kẹ́ ẹ fi ìdáhùn lu ara rẹ̀ títí tó fi pé mẹ́rin. Ọ̀pá yẹn fi nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún le ju ti àtijọ́.

Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kó ìwọ̀n kúrò lórí táyà inú, ó ń kó o sórí táyà òde, lẹ́yìn. Àpapọ̀ ìwọ̀n tó ń ṣí ní kọ́nà kò yí padà; tí ẹ̀yìn bá gbé púpọ̀ sí i, iwájú á sinmi díẹ̀, á sì di ilẹ̀ mú sí i. Lára mọ́tò tí táyà iwájú ń fà, tó máa ń ti imú jáde kúrò ní kọ́nà, oògùn tó yẹ é gan-an nìyí. Bákan náà ni fún ọ̀pọ̀ mọ́tò tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, torí àwọn náà fẹ́ràn láti máa ti imú. Ẹ máa rí i pé wọ́n wọ kọ́nà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè.

Mọ́tò tí táyà ẹ̀yìn ń tì ni ọ̀rọ̀ ti yí. Táyà inú tí ọ̀pá líle gbà lọ́wọ́ ìwọ̀n ni ẹ ṣì ń retí pé kó fi agbára ti mọ́tò jáde ní kọ́nà. Á máa yí lásán, pàápàá tí kò bá ní difẹrẹ́ńṣà tó ń dì pọ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà kan máa dá yí lásán. Lórí títì tútù, ẹ̀yìn á fẹ́ ré iwájú kọjá. Fún irú mọ́tò yìí, mo máa fi ọ̀pá ẹ̀yìn sílẹ̀, tí mo bá sì fẹ́ kó dín títẹ̀ kù, iwájú ni mo máa kọ́kọ́ wò.

Àbùkù kan kan gbogbo wọn: ọ̀pá yìí so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì. Kòtò tó mú ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo á fa ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú, orí yín á sì máa mì sọ́tùn-ún sósì nínú mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ ra èyí tó ní ihò méjì tàbí mẹ́ta létí, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ihò tó dẹ̀ jù. Ihò tó wà létí pátápátá ni ìyẹn, torí ọwọ́ ọ̀pá gùn jù níbẹ̀.

Búṣì

Níbí ni wọ́n ti ń ba mọ́tò ojoojúmọ́ jẹ́ jù. Kẹ́ ẹ tó wo tábìlì yìí: subframe ni férémù kékeré tó gbé àwọn ámù ẹ̀yìn, trailing arm ni ámù tó na láti iwájú táyà wá sẹ́yìn mú un, polyurethane ni ike líle, spherical bearing sì ni bọ́ọ̀lù irin tí kò ní rọ́bà.

| Irú búṣì | Ariwo àti ìgbọ̀n | Ìtọ́jú | Ibi tó yẹ |
|---|---|---|---|
| Rọ́bà tó bá mọ́tò wá | Kékeré | Kò sí | Ibi gbogbo, tó bá jẹ́ tuntun |
| Rọ́bà líle | Díẹ̀ | Kò sí | Subframe, trailing arm |
| Polyurethane | Ó pọ̀ díẹ̀, ó ń ké | Gíríìsì | Ìdè stabilizer, ibi tó ń yí lójú kan |
| Spherical bearing | Púpọ̀ | Àyẹ̀wò lóòrèkóòrè | Pápá ìdíje, tàbí ámù toe nìkan |

Rọ́bà kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn tó ya ẹ̀yìn mọ́tò yín sórí ìwé ti mọ ibi tó máa fún àti ibi tí kò ní fún, wọ́n sì ń lò ó láti darí táyà. Nígbà tí Porsche gbé 928 jáde ní 1977, ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Weissach jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn yíjú sínú díẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá ṣàdédé gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná ní kọ́nà, ibi tí ẹ̀yìn àwọn mọ́tò ìgbà yẹn ti máa ń yíjú síta tí yóò sì yọ̀. Ẹni tó bá fi irin rọ́pò irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ ti pa ọgbọ́n yẹn.

Polyurethane ń yí lórí irin àárín rẹ̀, rọ́bà ń lọ́ ni. Níbi tí ámù ti ń lọ sókè-sílẹ̀ lójú kan, kò burú. Trailing arm tó ń lọ sókè tó tún ń yí sí ẹ̀gbẹ́, polyurethane líle á hán an. Ẹ̀yìn á le, kì í ṣe nítorí pé ó dára, nítorí pé kò lè rìn ni. Rọ́bà líle ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Fún subframe tó ń mì tí ẹ̀yìn sì ń ta bí ẹṣin nígbà tẹ́ ẹ bá tẹná líle, àwọn ìdè kékeré tí wọ́n ń ki bọ àlàfo inú búṣì àtijọ́ ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n sọ subframe kalẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dé bóòtù náà wà níbẹ̀. Mẹ̀káníìkì kan fi rọ́bà tuntun sí trailing arm mi, ó dé gbogbo bóòtù pa nígbà tí mọ́tò ṣì wà lórí jáàkì, tí táyà ń rọ̀ dirodiro. Inú mi dùn, mo gbé e lọ. Kò pé oṣù mẹ́fà tí mo fi tún wà lábẹ́ rẹ̀: rọ́bà méjèèjì ti ya, ojú kan náà, bí ẹni fi ọ̀bẹ là á. Nígbà tí mọ́tò sọ̀ kalẹ̀, ámù gòkè, àmọ́ rọ́bà ti dì mọ́ ipò tó wà nígbà tó ń rọ̀. Lílọ́ ló wà tọ̀sán-tòru, kódà nígbà tí mọ́tò dúró sílé. Búṣì rọ́bà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ dé bóòtù rẹ̀ lásán, kí ìwọ̀n mọ́tò wá sórí táyà, kí wọ́n tó fún un pa. Polyurethane kò ní wàhálà yìí, èyí ni mo lè fi yìn ín.

Ámù toe àti camber

Kúkúrú lọ̀rọ̀ wọn. Tẹ́ ẹ kò bá rẹ mọ́tò sílẹ̀, tí ibi tí wọ́n ti ń yí aláímẹ́ǹtì ṣì ń yí, ẹ kò nílò wọn. Tẹ́ ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, orí táyà á wọnú sí i, toe náà á ṣí. Ẹ ra ámù toe ṣáájú ti camber, torí toe tó ṣì ń jẹ táyà ju camber lọ. Fún ojoojúmọ́, camber ẹ̀yìn tó wà nítòsí -1.5 digíríì ti tó, kí toe sì yíjú sínú díẹ̀ bí ìdá méjì nínú mẹ́wàá digíríì ní àpapọ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni yí toe ẹ̀yìn síta fún yín nítorí pé ó ń jẹ́ kí mọ́tò yára wọ kọ́nà. Lóòótọ́ ló ń yára wọ̀ ọ́. Ní ojú títì gbọọrọ, lórí eré, ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ sá.

Tó bá jẹ́ tèmi

Mọ́tò kékeré tí táyà iwájú ń fà: ṣọ́ọ̀kù tuntun tó dára, ọ̀pá stabilizer ẹ̀yìn tó fi ìpele kan ju ti àtijọ́, mi ò ní fọwọ́ kan sípíríǹgì. Mọ́tò tó wúwo tí táyà ẹ̀yìn ń tì: ṣọ́ọ̀kù, ìdè subframe, rọ́bà líle ní trailing arm, ọ̀pá ẹ̀yìn kó wà bó ṣe wà. Èyí tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà: ọ̀pá kọ́kọ́, ṣọ́ọ̀kù tẹ̀ lé e. Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ méjì kí èkejì tó wọlé. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sí i lọ́jọ́ kan, tí nǹkan kan sì ń dún, ẹ kò ní mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bi.

Tí wọ́n bá ti parí, tí aláímẹ́ǹtì ti ṣe, tí ẹ gbé e jáde lálẹ́ tí iná iwájú kò sì ríran kọjá ibi tí bọ́ńpà ń wò, ẹ má lọ ra gílóòbù. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ní sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tí wọ́n fi ọwọ́ irin tín-ín-rín so mọ́ ámù ẹ̀yìn. Ẹ ti rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀, sẹ́ńsọ̀ náà rò pé ẹ di ẹrù kún bọ́ọ̀tù ni, ó sì rọra dorí iná kọ ilẹ̀ kó má baà tàn sójú àwọn tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún ipò rẹ̀ kọ́ ọ, tàbí kẹ́ ẹ fi ọwọ́ irin tó ṣeé fà gùn rọ́pò tàtijọ́.